Bí ẹ ṣe lè fi ọjọ́ òtútù kan wo ẹyẹ ní àbàtà Rainham

Ẹni tó bá fẹ́ rí ẹyẹ omi dáadáa nítòsí Lọ́ńdọ̀nù, kó má dúró de ìgbà ooru. Láàárín oṣù kọkànlá sí ìparí oṣù kejì ni àbàtà máa ń kún fún ẹyẹ. Àwọn pẹ́pẹ́yẹ ń wọlé láti Iceland, láti Scandinavia àti láti Rọ́ṣíà, torí pé adágún tí wọ́n ti ń jẹun lọ́hùn-ún ti di yìnyín. Òtútù tó ń mú kí àwa tan hítà láti àárọ̀ dalẹ́, ìtura ni lójú tiwọn.

Rainham Marshes ni mo yàn, nítorí pé kò jìnnà sí ibi tí ọ̀pọ̀ nínú àwa Yorùbá ń gbé: Barking, Dagenham, Grays, àti Thamesmead tó wà ní òdìkejì odò. Ibi tí Lọ́ńdọ̀nù àti Essex ti pààlà ló wà, létí odò Thames, ní Purfleet. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ọmọ ogun fi ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń yìnbọn níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kò fi ráyè kọ́lé sórí rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń da kọnkéré sí etí odò káàkiri. RSPB, ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo ẹyẹ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, rà á lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ológun lọ́dún 2000, wọ́n sì ṣí i fún aráàlú lọ́dún 2006. Ká sọ̀rọ̀ síbi tí ọ̀rọ̀ wà, ìbọn ló gba àbàtà náà là.

Nínú gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ, ẹ di èyí mú: omi ló ń darí ẹyẹ. Ẹni tó bá mọ ìgbà tí omi ń kún àti ìgbà tó ń fà ti mọ ibi tí ẹyẹ máa wà kó tó kúrò nílé.

Alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú: ẹ wo omi, ìmọ́lẹ̀ àti atẹ́gùn

Odò Thames ní Purfleet ṣì ń gba àṣẹ lọ́wọ́ òkun. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ń kún, ẹ̀ẹ̀mejì ló ń fà, láàárín nǹkan bíi wákàtí mẹ́rìnlélógún ó lé díẹ̀, aago tó ń kún sì máa ń fi nǹkan bí àádọ́ta ìṣẹ́jú sún síwájú lójoojúmọ́. Ẹ wá àkókò omi Tilbury lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ fi ìṣẹ́jú díẹ̀ kún un, torí Purfleet wà lókè odò díẹ̀ sí i.

Kí nìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ èyí? Nígbà tí omi bá fà, ẹrẹ̀ máa yọ létí odò, àgàgà ní ibi tí wọ́n ń pè ní Aveley Bay. Àwọn ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn tó ń fi ẹnu gún ẹrẹ̀ wá kòkòrò máa fọ́n ká síbẹ̀. Bí omi bá ti ń padà bọ̀, ẹrẹ̀ yẹn á máa dín kù, ẹyẹ á sì máa sún mọ́ ẹsẹ̀ ògiri odò, ìyẹn òkìtì gígùn tí wọ́n mọ létí odò kí omi má baà ya wọ ilẹ̀, tí ẹ dúró lé. Nígbà tí omi bá kún tán, kò sí oúnjẹ mọ́ níta, wọ́n á fò wọ inú àbàtà láti sinmi títí omi á fi tún fà.

Nítorí náà, tí omi bá máa kún ní nǹkan bí aago méjìlá ọ̀sán, orí ògiri odò ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ní bí aago mẹ́sàn-án àbọ̀, kí ẹ tó wọ inú ọgbà. Tó bá jẹ́ pé ọ̀sán ni omi máa fà tán, ẹ yí ètò yẹn padà: inú ọgbà láàárọ̀, odò ní ọ̀sán. Ẹni tí kò bá bi omi léèrè lè dé orí ògiri lẹ́yìn tí ẹrẹ̀ ti rì, kó máa wo omi rúdurùdu lásán, kó sì lọ sọ fún àwọn ará ilé pé kò sẹ́yẹ ní Rainham.

Ìmọ́lẹ̀ ló tẹ̀ lé e. Ní ìparí oṣù kejìlá, oòrùn kì í yọ ní Lọ́ńdọ̀nù kí aago mẹ́jọ tó kọjá, kò sì ní tó aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kó tó wọ̀. Gúúsù ló sì máa ń wà, nísàlẹ̀ sánmà, láti àárọ̀ dalẹ́. Odò wà ní gúúsù, àbàtà wà ní àríwá. Tí ẹ bá dúró lórí ògiri tí ẹ kọjú sí àbàtà, ẹ̀yìn yín ni oòrùn wà, àwọ̀ ẹyẹ á sì hàn kedere. Tí ẹ bá kọjú sí odò nígbà tí oòrùn ń ràn, òjìji dúdú ni gbogbo ẹyẹ máa dà. Ọjọ́ tí kùrukùru bo sánmà ló dára jù fún wíwo odò, tí kò bá sáà ti nípọn jù.

Ní ti atẹ́gùn, ẹ yan ọjọ́ tó bá parọ́rọ́, pàápàá tí ẹ bá fẹ́ rí àwọn ẹyẹ kéékèèké inú eèsún. Atẹ́gùn líle máa ń jẹ́ kí wọ́n rì sí ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá gbọ́ pé òtútù burúkú ti mú Netherlands àti Jámánì, tí atẹ́gùn sì ń fẹ́ láti ìlà-oòrùn, ẹ má jókòó sílé ní ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta rẹ̀. Pẹ́pẹ́yẹ tó ń sá fún yìnyín lọ́hùn-ún máa ń sọdá wá síhìn-ín.

Ẹ yẹ ojú òpó RSPB wò fún ọjọ́ àti aago tí wọ́n ń ṣílẹ̀kùn àti iye tí wọ́n ń gbà. Ọ̀fẹ́ ni fún ọmọ ẹgbẹ́.

Aṣọ

Kì í ṣe ìrìn ló ń pa ènìyàn níbẹ̀, ìdúró ni. Ẹni tó ń rìn á máa móoru. Ẹni tó jókòó sójú kan fún ogójì ìṣẹ́jú ni òtútù ń wọ̀ lára, ẹsẹ̀ ló sì ti ń gòkè. Torí náà, ẹsẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ náwó lé: ìbọ̀sẹ̀ onírun àgùntàn, àti bàtà tí omi kò lè wọ̀, tó fẹ̀ díẹ̀ kí ìka ẹsẹ̀ lè rìn nínú rẹ̀. Bàtà tó há ń mú kí ẹsẹ̀ tètè kú. Jíìnsì tó bá tutù kì í gbẹ lára, ẹ fi sílé. Ẹ wọ aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin léra, kí èyí tó wà lókè má gba atẹ́gùn. Ìbọ̀wọ́ kò gbọ́dọ̀ nípọn tó bẹ́ẹ̀ tí ìka kò fi ní lè yí awò. Fìlà, dandan ni, fìlà abetí ajá gan-an ò burú, ó ń bo etí.

Ẹ gbé oúnjẹ. Tíì nínú fláàsì dára, ṣùgbọ́n mo mọ àwọn tó ń gbé jọ̀lọ́ọ̀fù gbígbóná dání nínú fláàsì oúnjẹ, mi ò sì rí ohun tó burú níbẹ̀, tí wọn ò bá sáà ti jẹ ẹ́ nínú ilé ìlúgọ, yàrá tí a ti ń wo ẹyẹ, níbi tí òórùn ata ti máa dá gbogbo èrò lọ́wọ́ kọ́.

Awò

Ohun èlò kan ṣoṣo tó pọn dandan ni awò olójú méjì, èyí tí gbogbo èèyàn ń pè ní binoculars. Nọ́ńbà méjì máa ń wà lára rẹ̀. 8x42 ni kí ẹ wá. 8 yẹn ni iye ìgbà tó ń mú ẹyẹ sún mọ́ yín, 42 sì ni fífẹ̀ gíláàsì iwájú ní mìlímítà, òun ló ń gba ìmọ́lẹ̀ wọlé. Kékeré tó ń wọ àpò, irú 8x25, máa já yín kulẹ̀ ní aago mẹ́ta ọ̀sán nígbà tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú. 12x ńkọ́? Ọwọ́ tó ń gbọ̀n fún òtútù kò lè gbé e dúró.

Ilé ni kí ẹ ti tò ó. Ẹni tó bá ń lo ojúgò, kó yí rọ́bà ojú awò wọlé. Ẹni tí kì í lò ó, kó fà á jáde. Ẹ tẹ awò ní àárín títí àyíká méjèèjì á fi di ẹyọ kan. Ẹ wo nǹkan tó ní lẹ́tà lára lókèèrè, bíi pátákó ojú pópó. Ẹ di ojú ọ̀tún, kí ẹ fi kẹ̀kẹ́ àárín tò ó títí á fi mọ́lẹ̀ fún ojú òsì. Lẹ́yìn náà, ẹ di ojú òsì, ẹ má fọwọ́ kan kẹ̀kẹ́ àárín mọ́, kí ẹ yí òrùka tó wà lábẹ́ ojú ọ̀tún títí á fi mọ́lẹ̀ bákan náà. Ó parí. Kẹ̀kẹ́ àárín nìkan lẹ máa fọwọ́ kàn láti ìgbà náà lọ. Ọ̀pọ̀ tó ń sọ pé awò àwọn kò dára, òrùka yẹn ni wọn ò tíì tò.

Ẹ má fi awò wá ẹyẹ. Ojú lásán ni kí ẹ fi rí i, kí ojú yín má kúrò lára rẹ̀, kí ẹ wá gbé awò sójú láìwo ilẹ̀. Ẹ ò sì gbọ́dọ̀ fi awò wo oòrùn láé. Ó ń fọ́ ojú.

Bí ẹ ṣe máa débẹ̀

Láti Fenchurch Street, ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin c2c tó ń gba Rainham lọ sí Grays. Ẹ wò ó dáadáa, torí kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ Essex ló ń gba ibẹ̀. Ẹ sọ̀ ní Purfleet, kí ẹ gba etí odò, kí ẹ kọjá lórí afárá odò kékeré tó ń jẹ́ Mardyke. Ìrìn bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Ọ̀nà onípákó tó yí inú ọgbà ká jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà mẹ́rin. Ajá kì í wọ inú ọgbà, àfi èyí tó ń ran aláìlera lọ́wọ́.

Ẹ béèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ tàbí ẹni tó bá ń jáde bọ̀: kí lẹ rí, níbo? Kò sóhun ìtìjú níbẹ̀. Èèyàn dúdú tó gbé awò kọ́rùn lè rò pé òun nìkan ni. Kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́: lọ́dún 2020 ni Ollie Olanipekun àti Nadeem Perera dá ẹgbẹ́ Flock Together sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù fún àwa aláwọ̀ dúdú àti àwọn mìíràn tí kì í ṣe òyìnbó, kí a lè jọ máa wo ẹyẹ.

Nínú ilé ìlúgọ

Ilé ìlúgọ ni yàrá onípákó tí wọ́n kọ́ síwájú omi kí ẹyẹ má baà rí wa. Ìjókòó ni, fèrèsé tóóró ni. Mẹ́ta tí ẹ ó máa gbọ́ orúkọ wọn ni Purfleet Hide, Ken Barrett Hide àti Shooting Butts Hide, tí wọ́n kọ́ síbi tí àwọn ọmọ ogun ti ń yìnbọn ní àtijọ́.

Ẹ rọra wọlé. Ẹ má na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé, ọwọ́ tó ń jù ni ẹyẹ ń rí jù. Ẹ jókòó, kí ẹ fi ojú lásán wo gbogbo ibẹ̀ látòkè délẹ̀, kí ẹ tó gbé awò. Lẹ́yìn náà, ẹ fi awò rìn láti òsì sí ọ̀tún, ní ìlà-ìlà, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀ yín. Ọ̀pọ̀ ń sáré wo òkèèrè, ẹyẹ tó ń jẹ́ snipe á sì wà ní mítà márùn-ún síwájú wọn, àwọ̀ koríko gbígbẹ lára rẹ̀, tí wọn ò ní rí i. Ẹ má dìde kí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó pé. Ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, ọmọdé gorí igi kò lè rí i. Ní ilé ìlúgọ, kò sí òwe tó tún ṣe rẹ́gí ju ìyẹn lọ. Ẹyẹ tó wà lẹ́yìn koríko nígbà tí ẹ wọlé á jáde nígbà tó bá yá.

Pẹ́pẹ́yẹ ló máa pọ̀ jù. Ẹ má bẹ̀rù pé gbogbo wọn jọra. Akọ nìkan ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀, abo á dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Wigeon: orí pupa rẹ́súrẹ́sú, iwájú orí yẹ́lò bí ẹni fi ìka kan kun ún. Orí koríko ló ń wà, ó ń jẹko lọ́wọ̀ọ̀wọ́ bí àgùntàn. Ẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ ọ: ó ń súfèé, ó gùn, ó ń lọ sókè, ó ń já sílẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan kò ní gbàgbé.

Teal ló kéré jù nínú wọn. Orí rẹ̀ pupa, àwọ̀ ewé gba ojú rẹ̀ kọjá, ìdí rẹ̀ sì ní àmì yẹ́lò tó ń tàn lókèèrè. Shoveler ní àgógó gbọọrọ tó fẹ̀ níwájú. Bí ẹ bá rí ọ̀wọ́ pẹ́pẹ́yẹ tó ń yí po lójú kan tí wọ́n tẹ orí bọ omi, òun ni. Wọ́n ń ru omi sókè kí oúnjẹ lè léfòó. Pintail ni ọ̀ṣọ́ wọn: ọrùn gígùn, ìlà funfun kan tó gba ẹ̀gbẹ́ ọrùn gòkè, ìrù ṣónṣó. Gadwall máa ń dà bí eléérú lásán títí ẹ ó fi gbé awò sí i, tí ẹ ó wá rí i pé iṣẹ́ ọnà wẹ́wẹ́ ló wà láyà rẹ̀, tí ìdí rẹ̀ sì dúdú kirikiri.

Lára àwọn ẹlẹ́sẹ̀ gígùn, ẹ wo àgógó. Ti curlew tẹ̀ sísàlẹ̀. Ti black-tailed godwit gùn gbọọrọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tọ́ tán. Ti avocet tẹ̀ sókè, ara rẹ̀ funfun òun dúdú. Bí ọgọ́rùn-ún ọdún ni avocet kò fi pa ọmọ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àfìgbà tó padà sí Suffolk lọ́dún 1947, lẹ́yìn tí ogun ti lé èèyàn kúrò létí òkun. Òun náà ló wà lára àmì RSPB. Ní ti godwit, àwọn tó ń wá síhìn-ín nígbà òtútù, Iceland ni wọ́n ti wá. Àwọn ìbátan wọn tó ń pamọ ní Netherlands kì í dúró, ọ̀pọ̀ wọn ń kọjá lọ sí Senegal àti Guinea-Bissau.

Lékeléke ńkọ́? Ẹni tó bá ti na èékánná sí lékeléke rí nígbà èwe máa dá ìrìn rẹ̀ mọ̀ níhìn-ín. Èyí tó wọ́pọ̀ ní Rainham ni little egret: àgógó dúdú, ẹsẹ̀ dúdú, ṣùgbọ́n ìka ẹsẹ̀ yẹ́lò. Ọdún 1996 ló kọ́kọ́ pamọ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní erékùṣù Brownsea. Lékeléke tiwa gan-an, tó ń tẹ̀ lé màlúù, tí àgógó rẹ̀ kúrú tó sì yẹ́lò, kọ́kọ́ pamọ ní Somerset lọ́dún 2008. Torí náà tí ẹ bá rí lékeléke nítòsí màlúù, ẹ wo àgógó rẹ̀ kí ẹ tó sọ̀rọ̀.

Bí gbogbo wọn bá dìde lẹ́ẹ̀kan

Lójijì, ọgọ́rọ̀ọ̀rún lapwing àti golden plover á gbéra, ariwo á sọ. Ojú gbogbo èrò á lọ sára ọ̀wọ́ náà, torí ó dára wò: apá lapwing fẹ̀, ó ń ṣẹ́ dúdú, ṣẹ́ funfun; ti golden plover rí ṣónṣó, wọ́n sì ń fò pọ̀ tímọ́tímọ́. Ẹ má wò wọ́n ní tiyín. Ẹ wo òkè wọn àti ẹ̀yìn wọn, torí nǹkan ló lé wọn.

Ó lè jẹ́ peregrine, àṣá tó ń já ṣòòrò bọ̀ pẹ̀lú eré tó lé ní 300 kìlómítà ní wákàtí kan. Orí àwọn òpó iná gíga tó la àbàtà kọjá ló fẹ́ràn láti bà sí. Ẹ máa yẹ òpó kọ̀ọ̀kan wò láti àárọ̀. Ó sì lè jẹ́ marsh harrier, tó ń rọra fò lórí eèsún, apá rẹ̀ gbé sókè díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Lọ́dún 1971, tọkọtaya kan ṣoṣo ló kù tó ń pamọ ní gbogbo Bírítéènì. Lónìí, ọjọ́ tí èèyàn kò bá rí ọ̀kan ní Rainham ló máa yà á lẹ́nu.

Etí eèsún

Ìyára kò wúlò níbí. Ẹ dúró sórí ọ̀nà onípákó, kí ẹ gbọ́. Cetti's warbler ń pariwo gbàù láti inú igbó nígbà òtútù pàápàá. Ẹ lè gbọ́ ọ tagbáratagbára kí ẹ má rí i rárá, ìwà rẹ̀ nìyẹn. Ohùn bí ìgbà tí owó ẹyọ ń dún nínú àpò jẹ́ ti bearded tit. Nígbà ooru, kòkòrò ló ń jẹ. Nígbà òtútù, irúgbìn eèsún ló kù, ó sì máa ń gbé òkúta wẹ́wẹ́ mì kí ikùn rẹ̀ lè lọ̀ ọ́. Ẹ wo àwọn ibi tí òkúta wẹ́wẹ́ bá wà létí ọ̀nà láàárọ̀ tí kò sí atẹ́gùn.

Ẹ má fi fóònù kọ orin ẹyẹ láti pè é jáde. Ọjọ́ kúrú, ẹyẹ kékeré sì gbọ́dọ̀ jẹun láti ìdájí dé ìrọ̀lẹ́ kó tó lè la òru já. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ẹ fi dààmú rẹ̀, oúnjẹ mọ́jú ni. Áàpù Merlin tó ń gbọ́ ohùn tó sì ń sọ orúkọ dára, àmọ́ ó máa ń ṣì í, àgàgà tí ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ Paris bá ń sáré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àbàtà. Ẹ rí ẹyẹ náà kí ẹ tó gbà á gbọ́.

Wákàtí ìkẹyìn

Ẹ má tètè lọ ilé. Bí oòrùn bá ti ń rẹlẹ̀, ẹ padà sórí ògiri odò, tí ẹnikẹ́ni kì í tì, kí ẹ kọjú sí koríko inú. Ní àwọn ọdún kan, short-eared owl máa ń wá ṣọdẹ eku níbẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú: apá gígùn, ojú yẹ́lò, ó ń fò nílẹ̀-nílẹ̀. Ohun tí wọ́n sọ fún yín nílé nípa òwìwí, ẹ gbàgbé rẹ̀ fún wákàtí kan. Òun náà ń wá oúnjẹ ni.

Ẹ kọ ohun tí ẹ rí kí ẹ tó wọ ọkọ̀, torí ooru ọkọ̀ máa ń mú oorun wá. Ọjọ́, aago, ibi, irú ẹyẹ, iye. Tí ọ̀wọ́ bá pọ̀ jù láti kà lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ ka mẹ́wàá, kí ẹ wo bí àyè tí mẹ́wàá gbà ṣe tó, kí ẹ wá fi ìwọ̀n yẹn wọn ìyókù. Ẹ lè fi í ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì sí BirdTrack ti BTO, àjọ tó ń ṣèwádìí nípa ẹyẹ ní Bírítéènì, tàbí sí eBird, àwọn onímọ̀ ń lò ó. Èyí tí kò bá dá yín lójú, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín pẹ̀lú àmì ìbéèrè, ṣùgbọ́n ẹ má fi ránṣẹ́.